Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Òkúta àti Igi Kọ́ Mọ́ṣáláṣí Abúlé, Láti Ìpìlẹ̀ Dé Òrùlé

Ìbéèrè kan náà ló ń wá lemọ́lemọ́: igi tí wọ́n tò sáàárín òkúta lára ògiri mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ní àwọn abúlé Tọ́kì, kí ló ń ṣe níbẹ̀, báwo la sì ṣe ń tò ó tí kò fi ní jẹrà?

Igi yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ògiri òkúta lè ru ẹrù púpọ̀, àmọ́ bí ilẹ̀ bá mì, tàbí tí òrùlé bá ń tì í síta, ṣe ló máa ń là sí méjì: ojú ìta á ya lọ, ojú inú á ya lọ. Igi ló ń so ojú méjèèjì pọ̀, òun náà ló sì ń so igun ilé mọ́ra. Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí ilé ìrun kan tí inú rẹ̀ jẹ́ mítà 8 sí mítà 8, tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó sì ga ní mítà 3 láti orí ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá to ìlà ìrun ní mítà 1.2 síra, tí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 60, ìlà 6 ló máa wọlé, ènìyàn 13 lórí ìlà kan, àpapọ̀ 78.

Níbi tí ilẹ̀ ti máa ń mì, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà yẹ àwòrán ilé wò kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Ẹ má fo èyí.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Òkúta: fún ògiri nìkan, láìka ìpìlẹ̀, nǹkan bí mítà oníhà-mẹ́ta 60 bí wọ́n bá dà á jọ lókìtì. Àlàfo inú òkìtì pọ̀, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù pé ó ti pọ̀ jù.
- Àpòpọ̀, ìyẹn ohun tí ẹ máa pò láti fi mú òkúta pọ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta ògiri ló máa ń jẹ́, nǹkan bí mítà oníhà-mẹ́ta 19. Bí ẹ bá lo ẹfun sísun, ìwọ̀n ẹfun 1 sí iyanrìn 3.
- Igi fún ìgbànú ògiri (hatıl ni àwọn ará Tọ́kì ń pè é): ìlà mẹ́rin. Bí igi bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, ìlà kan á gba nǹkan bí mítà 70 igi gígùn àti mítà 34 igi ìdábùú. Ìlà mẹ́rin á jẹ́ mítà oníhà-mẹ́ta 4 àti díẹ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún èyí tí wọ́n máa gé dànù.
- Òpó, igi àjà, igi òrùlé àti pátákó: ẹ kà á sọ́tọ̀, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ igi ògiri.

Fún igi, óákù, chestnut, juniper àti kédárì ló máa ń pẹ́ jù nínú ògiri. Páìnì náà ṣeé lò, bí ó bá jẹ́ agbede-inú igi tó pọ́n dòdò ni ẹ lò, tí ẹ gé ìpele funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù. Ìpele funfun yẹn ni kòkòrò máa ń kọ́kọ́ jẹ. Igi tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 10 lè gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó gbẹ dáadáa nínú afẹ́fẹ́, torí náà káfíńtà tó bá gé igi lónìí tó fẹ́ fi kọ́lé lọ́la ń fi ògiri yín ṣòfò. Igi tútù á sún kì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́, àlàfo á sì wà láàárín òun àti òkúta.

Fún òkúta, ẹ fi òòlù gbá a. Èyí tó bá dún gbain-gbain dára. Èyí tó bá dún bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀ ti là nínú. Òkúta róbótó láti inú odò kò yẹ fún igun ilé àti etí fèrèsé, nítorí kò níbi tí yóò fi jókòó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú kíbíláà (ìhà Kaaba tí a ń kọjú sí kírun) kó dájú

1. Ẹ ri ọ̀pá títọ́ kan mọ́lẹ̀ níbi tí ògiri iwájú máa wà, kí ẹ sì fi okùn olójé mọ̀ pé ó dúró ṣánṣán.
2. Ní 28 May (27 May ní ọdún tí February bá ní ọjọ́ 29), ní agogo 12:18 ọ̀sán ní àkókò Mẹ́kà, oòrùn máa ń wà lókè Kaaba gan-an. Ó tún máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 15 tàbí 16 July, ní 12:27. Àkókò Tọ́kì àti ti Mẹ́kà bára mu báyìí, torí náà ẹ kò nílò ìṣirò kankan.
3. Ẹ sàmì sí ibi tí òjìji ọ̀pá parí sí. Ẹ fa okùn láti orí òjìji wá sí ìdí ọ̀pá, kó sì gba ibẹ̀ kọjá: ibi tó kọjú sí ni kíbíláà.
4. Ẹ fa ìlà ògiri iwájú kó dábùú okùn yẹn ní igun tó gún régé. Ẹ wọn mítà 3 lórí ìlà kan láti igun náà, mítà 4 lórí èkejì: bí igun bá gún régé, mítà 5 ni yóò wà láàárín orí méjèèjì.

Kọ́ḿpáàsì nìkan lè tàn yín, nítorí àríwá rẹ̀ kì í ṣe àríwá gidi, irin tó wà nítòsí sì lè fà á. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ ṣe àtúnṣe ìyàtọ̀ àríwá tó wà ní agbègbè yín. Ògiri tó ti kọjú síbi tí kò yẹ, kápẹ́ẹ̀tì onígun dídà ló máa kù fún jàmáà títí láé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìpìlẹ̀ àti ìdí ògiri

1. Ẹ gbẹ́lẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti le. Sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 ló wọ́pọ̀. Níbi tí òtútù ti máa ń sọ omi inú ilẹ̀ di yìnyín, ẹ kọjá ibi tí òtútù náà ń dé.
2. Fífẹ̀ ihò: sẹ̀ǹtímítà 80 sí 90, fún ògiri sẹ̀ǹtímítà 60.
3. Òkúta tó tóbi jù, tó sì tẹ́jú, ni kí ẹ kọ́kọ́ tò sísàlẹ̀. Ẹ to òkúta. Ẹ má kàn da àwọn wẹ́wẹ́ sínú ihò.
4. Ẹ gbé òkúta ga sókè ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50 kí igi kankan tó wọ inú ògiri. Òjò tó ń ta láti ilẹ̀ àti yìnyín tó máa ń kó jọ sídìí ògiri kò gbọdọ̀ dé ibi tí igi wà.
5. Ẹ gbẹ́ ọ̀nà omi yí ilé ká, kó máa darí omi kúrò. Lórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀gbẹ́ òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Títo òkúta

Ojú méjèèjì ògiri gbọ́dọ̀ máa gòkè pọ̀. Bíríkìlà tó bá kọ́ ojú ìta dé àyà kó tó padà sí ojú inú ti kọ́ ògiri méjì tó kàn fara tira.

1. Ẹ jẹ́ kí òkúta dùbúlẹ̀ bó ṣe dùbúlẹ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ẹ má gbé e dúró kó lè bo ojú ògiri púpọ̀.
2. Ẹnu òkúta méjì kò gbọdọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ẹnu àwọn tó wà lábẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí òkúta òkè bo ẹnu yẹn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó kéré tán.
3. Ẹ fi òkúta kéékèèké di àárín, ẹ fi òòlù rọra kàn wọ́n sínú àpòpọ̀. Àárín tí wọ́n fi erùpẹ̀ àti èéfọ́ kún kì í pẹ́ rọ̀, òun ló sì ń ti ojú ògiri yọ síta.
4. Ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 60 sókè, ẹ fi òkúta àjànù sí i, ìyẹn òkúta tó gùn láti ojú ìta dé ojú inú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ ju mítà 1.2 lọ, kí ti òkè má sì ṣe wà gan-an lórí ti ìsàlẹ̀.

Òkúta àjànù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 25, tó nípọn ní 20, lè wúwo ju kílò 70 lọ. Ènìyàn méjì ni kó gbé e. Bí ẹ kò bá rí èyí tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ lo méjì tó gùn ní 40: ọ̀kan láti ìta, ọ̀kan láti inú, kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn láàárín ògiri.

*Ẹ ṣọ́ra fún ẹfun.* Ẹfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun máa ń hó bí ẹ bá fi omi kàn án. Ẹfun ni ẹ ó máa rọra dà sínú omi. Ẹ má da omi lé ẹfun lórí. Ẹ wọ ìbọjú àti ìbọ̀wọ́, ẹ má sì ṣe é nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n dé pa. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Oṣù mẹ́ta dára jù. Hóró tí kò tíì yó omi tán á wú nínú ògiri, á sì fọ́ ojú rẹ̀ jáde.

Ẹ má kọ́ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sí 80 lọ lójúmọ́. Ẹ fi àpò tútù bo iṣẹ́ tuntun kó má gbẹ lójijì. Bí òtútù bá ti wà lábẹ́ ìwọ̀n 5 lórí Celsius, ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìgbànú igi

Ibí yìí ni ilé ti ń dúró tàbí kó wó, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìlà mẹ́rin ni ẹ máa tò: lórí ìdí ògiri, ní ìsàlẹ̀ fèrèsé (mítà 1), ní àtẹ́rígbà (mítà 2), àti lórí ògiri níbi tí òrùlé máa jókòó (mítà 3). Ìlà kan ní igi gígùn méjì, ọ̀kan ní ojú ìta, ọ̀kan ní ojú inú, pẹ̀lú igi ìdábùú tó so wọ́n pọ̀ ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 60.

1. Ẹ fi àpòpọ̀ tẹ́ orí òkúta kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Igi tó jókòó lórí orí òkúta méjì péré, tí àárín rẹ̀ ṣófo, á tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́.
2. Ẹ to igi gígùn méjèèjì. Ojú igi ìta gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ojú òkúta tàbí kó wọlé díẹ̀. Bí ó bá yọ síta, omi òjò á dúró lé e.
3. Ní igun, ẹ gé ìdajì sísanra igi kọ̀ọ̀kan: ti ọ̀kan lókè, ti èkejì nísàlẹ̀, kí wọ́n wọ inú ara wọn. Ẹ jẹ́ kí orí wọn kọjá ara wọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Bí ẹ bá gé e ní etí gan-an, ìwọ̀nba igi tó kù á là, igun á sì tú.
4. Níbi tí igi kò bá gùn tó, ẹ gé orí méjèèjì ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan bo èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán. Ẹ lu ihò méjì, ẹ fi ìṣó igi tó gbẹ ju igi ògiri lọ kàn án. Bí ìṣó yẹn ṣe ń fa omi díẹ̀ ló ń wú, tó sì ń dì í mú.
5. Ẹ má jẹ́ kí oríkèé igi ìta àti ti igi inú wà lójú kan náà. Ẹ fi mítà 1 yà wọ́n.
6. Fún igi ìdábùú, ẹ gé ojú igi gígùn sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ gé orí igi ìdábùú bí ìrù ẹyẹlé kó má lè yọ síta, kó sì wọlé láti òkè. Igi tí wọ́n kàn gbé lé orí èkejì láìgé kò so ohunkóhun.
7. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ àti àpòpọ̀ kún àárín àwọn igi dé orí wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ tó máa to òkúta lọ.

Ìṣó irin nínú óákù jẹ́ àṣìṣe tí kì í tètè hàn. Oje kíkan inú óákù máa ń jẹ irin tí omi bá kàn, irin á dípẹtà, igi tó wà láyìíká rẹ̀ á sì dúdú, á rọ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó lè gbẹ́ ìṣó igi, ìṣó tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà.

Ẹ má fi pọlásítà bo ojú igi tó wà níta. Igi tó bá ń tutù tó sì ń gbẹ lójú afẹ́fẹ́ lè pẹ́ gan-an. Èyí tí wọ́n dè mọ́ inú sìmẹ́ǹtì, omi wọ ibẹ̀, kò rọ́nà jáde, olú á hù sí i. Bí ìwọ̀n omi inú igi bá wà lábẹ́ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ìjẹrà kì í sábà bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹnu ọ̀nà, fèrèsé àti mihrab

Etí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà kò gbọdọ̀ sún mọ́ igun ilé ju mítà 1 lọ, kí òkúta tó wà láàárín fèrèsé méjì sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Igi àtẹ́rígbà gbọ́dọ̀ wọ inú ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 30 ní apá méjèèjì. Bí ìgbànú kẹta bá gba ibẹ̀ kọjá, òun náà ló di àtẹ́rígbà, ẹ sì ti rí ọ̀rọ̀ méjì yanjú lẹ́ẹ̀kan náà.

Mihrab, ìyẹn ihò inú ògiri iwájú tí lèmọ́mù ń kọjú sí, ló máa ń fọ́ ògiri kíbíláà. Bí ẹ bá gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 40 sínú ògiri tó nípọn ní 60, sẹ̀ǹtímítà 20 ló máa kù lẹ́yìn ihò náà, òkúta níbi tó tinrín bẹ́ẹ̀ kò sì lè dì mọ́ra. Káfíńtà náà á sì gé ìgbànú igi dànù kí ihò lè jìn. Ọ̀nà méjì ló dára:

- Ẹ yọ ògiri síta lẹ́yìn mihrab, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 50 ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí igi ìta tẹ̀ lé yíyọ náà, kí wọ́n so ó mọ́ ìyókù ní oríkèé.
- Tàbí kí ihò má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, kí ẹ fi igi gbígbẹ́ ṣe férémù mihrab ní ojú inú. Ó lẹ́wà, ògiri sì wà lódindi.

Ìgbésẹ̀ 6: Òpó, àjà àti òrùlé

Nínú mọ́ṣáláṣí Mahmut Bey ní abúlé Kasaba, ní Kastamonu, tí wọ́n kọ́ ní 1366, òkúta ni ògiri, igi ni gbogbo òpó àti àjà. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àjogúnbá àgbáyé ní 2023, pẹ̀lú mẹ́rin mìíràn tó jọ ọ́ ní Anatolia. Ohun tí ẹ lè kọ́ lára irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé òpó ló ń ru òrùlé láàárín, kò sí pé gbogbo ẹrù di ti ògiri.

1. Fún mítà 8, òpó mẹ́rin ló tó, ní ìlà méjì, mítà 2.7 síra wọn. Ẹ fà wọ́n bó ṣe máa bá ìlà ìrun mu, kí òpó má baà gé ìlà púpọ̀.
2. Ẹ gbé òpó lé orí òkúta tó ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Irin kúkúrú tàbí orí igi tó wọ inú ihò òkúta ló máa mú un dúró. Ẹ má ri òpó mọ́lẹ̀ láé.
3. Ẹ fi orí òpó onígi gbọọrọ sáàárín òpó àti igi àjà: ó ń dín gígùn tí igi àjà ń dá dúró kù.
4. Igi àjà gbọ́dọ̀ gba orí ògiri kọjá láti apá kan dé èkejì, kí wọ́n gé e wọ inú ìgbànú kẹrin, kí wọ́n sì fi ìṣó igi kàn án. Láìsí èyí, igi òrùlé á máa ti orí ògiri síta díẹ̀díẹ̀.
5. Níbi tí orí igi bá wọ inú òkúta, ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 yí i ká fún afẹ́fẹ́.
6. Etí òrùlé kó yọ kọjá ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán.

Nípa òrùlé erùpẹ̀: erùpẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20 máa ń wúwo tó nǹkan bí kílò 350 lórí mítà oníhà-méjì kan, kí yìnyín tó balẹ̀. Àwọn ará abúlé a sì máa fi erùpẹ̀ tuntun kún un lọ́dọọdún láìkó ti àtijọ́ kúrò. Bí òrùlé yín bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ wọn bó ṣe nípọn, kí ẹ sì kó èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ láti apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹrù má baà wà ní apá kan.

Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò kí ẹ tó gbé òrùlé lé e:

- Ògiri dúró ṣánṣán nígbà tí ẹ fi okùn olójé wò ó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
- Gbogbo igun ìgbànú wọnú ara wọn, kò sí èyí tí wọ́n fi ìṣó kan lásán.
- Ẹ lè rí ojú òkúta àjànù ní inú àti ní ìta.
- Kò sí igi tó kan ilẹ̀.

Bí igi tàbí òkúta bá wọ́n

Bí igi ńlá kò bá sí, ẹ jẹ́ kí igi gígùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 sí 8, àmọ́ ẹ má dín iye ìlà kù. Bí ẹ kò bá rí ẹfun, amọ̀ tí ẹ pò mọ́ koríko gbígbẹ ṣeé lò nínú ògiri, kí ẹ sì fi ẹfun kún ẹnu òkúta níta. Sìmẹ́ǹtì lórí amọ̀ kò dára: ó le ju ògiri lọ, ó sì ń sé omi mọ́ inú.

Bí òkúta ni kò tó, férémù igi tí wọ́n fi òkúta kéékèèké kún ihò rẹ̀ ni kí ẹ ronú sí. Ní ìlà-oòrùn Òkun Dúdú, göz dolma ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ní Kashmir, dhajji dewari. Ó tinrín, ó fúyẹ́, ó sì máa ń yọ nínú ìmìtìtì ilẹ̀ nítorí pé òkúta kékeré lè yí díẹ̀ nínú férémù láìwó.

Bí ìgbànú bá ti jẹrà lára mọ́ṣáláṣí tó ti wà

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìjọba ti kọ ilé náà mọ́ ìwé àjogúnbá. Ní Tọ́kì, òfin 2863 ló ń dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀; ẹ kò lè fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ ìdáàbòbò agbègbè yín. Bí ọ̀nà bá ṣí:

1. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé, ẹ dí i, ẹ sì jẹ́ kí ògiri gbẹ. Igi tuntun nínú ògiri tútù á jẹrà bíi ti àkọ́kọ́.
2. Ẹ fi ọ̀bẹ tinrín gún igi. Níbi tí ó bá ti wọlé ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ láìlo agbára, ẹ sàmì síbẹ̀.
3. Ẹ ti àjà lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú òpó fún ìgbà díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.
4. Ẹ yọ igi tó jẹrà, mítà 1 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi mítà 2 sílẹ̀ láìfọwọ́kàn láàárín ibi iṣẹ́ méjì. Ẹ gé e dé ibi tí igi ti le.
5. Ẹ fi irú igi kan náà tó ti gbẹ dípò rẹ̀, pẹ̀lú oríkèé ìdagẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30.
6. Ẹ kan òkúta pẹlẹbẹ àti àpòpọ̀ ẹfun gbígbẹ díẹ̀ mọ́ àárín igi àti òkúta òkè, kó le pinpin, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ṣí èyí tó kàn.